Ilé Ìjókòó Inú Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ọba

Ọjọ́ kejì tí mo dé Àkrà ni mo rí ọkùnrin kan tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ èrò, tó ń pariwo, "Alájọ! Alájọ! Alájọ!" Mo dúró, mo ń wojú àwọn èèyàn. Mo rò pé alájọ kan ló gbé àjọ sá lọ, tí wọ́n ń fi ariwo wá a kiri ìgboro. Obìnrin tó dúró tì mí ló sọ fún mi pé orúkọ àdúgbò ni, pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo nu omi náà tán, òmíràn tún bọ́, mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti "Aláta." Bí mo bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ní, "Aláta ni." Èmi a máa dá wọn lóhùn pé mi ò ta ata rí láyé mi. Alhaja tí mo dé sọ́dọ̀ wọn ní Nima ló là mí lóye. Àbúrò ìyá ìyá mi ni Alhaja, ike àti bàsíà ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti gbó sínú Gáná bí ẹyin ṣe ń gbó sínú ìtẹ́.

"Gbogbo Yorùbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀," ni Alhaja wí. "Bí wọn ò bá pè ẹ́ ní Aláta, wọ́n á pè ẹ́ ní Ànàgó. Mú èyí tó bá wù ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rọra máa sọ̀rọ̀. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìjà ni wọ́n rò pé ò ń bá wọn jà."

Lóòótọ́ ni. Àwa ará Èkó, bí a bá ń béèrè omi, ẹni tó wà lódìkejì òpópónà á gbọ́. Níhìn-ín, èèyàn kì í béèrè ohunkóhun láìkọ́kọ́ fi ẹ̀bẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ kẹ́ńkẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kẹ́ńkẹ́ ka iwájú mi, mo gbóòórùn rẹ̀, mo sì rọra sọ fún Alhaja pé ẹ̀kọ yìí ti kan. Alhaja ní, "Ó ti kan kí wọ́n tó sè é. Jẹun."

Ìdí tí mo fi kúrò nílé kò gùn. Ọkọ mi kú, a kò tíì bímọ. Bàbá mi ní kí n padà wá sílé àwọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n jókòó títí ọkọ mìíràn yóò fi dé. Mo ní mo ń lọ sí Gáná. Wọ́n wò mí, wọ́n sì dìde nídìí oúnjẹ wọn. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ilé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan wà létí mọ́sáláṣí tó súnmọ́ wa ní Nima. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ síbẹ̀ láti pe ilé. Ìyá mi ló máa ń gbé e. A ó kí ara wa, wọ́n á sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú, lẹ́yìn náà ni màá béèrè, "Bàbá mi ń kọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé," ni ìyá mi máa ń wí.

Wọn kì í ṣe òpùrọ́ èèyàn, nítorí náà irọ́ yìí kì í dán lẹ́nu wọn. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ bàbá mi nítòsí ẹ̀rọ náà gan-an.

Mo ń ta ike pẹ̀lú Alhaja, ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ebi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí gbogbo àgbàlá bá kún fún Hausa àti Twi àti Gá tó jẹ́ èdè àwọn onílẹ̀ Àkrà, tí oníkálukú ń pe ẹni tirẹ̀ wọlé, mo máa ń jókòó sórí àpótí kan bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Èdè pọ̀ níbẹ̀ ju kí n gbọ́ ọ tán lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n Twi ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé bàsíà lọ fún oníbàárà kan ní Kokomlemle. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn bọ̀ sí ìhà Alájọ, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ òórùn ilẹ̀ tútù sí mi nímú. Ògiri kan wà níbẹ̀ tí apá kan rẹ̀ ti wó. Mo yọjú. Ebè ni mo rí, ebè rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di igbó, ṣùgbọ́n ewúro ń bẹ níbẹ̀, ilá ń bẹ níbẹ̀, ata sì pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí igi. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ilé kékeré kan dúró sí.

N kò rí irú rẹ̀ ní Àkrà rí. Kò tó yàrá méjì. Kò ní ìlẹ̀kùn, kò sì ní fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló ní, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè. Àwọn òpó rẹ̀ lọ́ bí okùn tí ẹni méjì dì mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí wọ́n ń fún. Òrùlé rẹ̀ wú sókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Èéfín àti ewédò ti bò ó, ọkọ́ àti àpò ìgbẹ́ adìẹ ló kún inú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà kan, wọ́n ń pa ẹ̀pà.

Wọ́n fi Gá bi mí ní ìbéèrè kan. Mo kó Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀bẹ̀ pọ̀, mo ní ẹ jọ̀wọ́, ilé ni mo ń wò. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ Yorùbá ni ẹ́. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé? Wọlé wá jókòó."

Kò sí ẹni tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí mi. Yorùbá àgbàlagbà ni, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, lẹ́nu ìyá Gá tí kò dé Nàìjíríà rí. Naa Dede ni orúkọ wọn. "Naa" ni àwọn Gá fi ń pe obìnrin tó bá ti ìdílé ọba wá, Naa Dede sì ni àgbà obìnrin nínú ìdílé ọba tó ni ọgbà náà.

"Níbo lẹ ti gbọ́ èdè wa, Ìyá?" ni mo bi wọ́n.

"Ẹ̀yìn obìnrin Yorùbá ni mo dàgbà sí," ni Naa Dede wí. "Ìyá mi àti Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ jọ ń tajà lábẹ́ àtíbàbà kan ni. Bí ìyá mi bá ń ná ọjà, ẹ̀yìn Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pọ̀n mí sí." Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ṣé o lè gbin nǹkan?"

Lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ti kọ́ ẹ̀fọ́ gbígbìn. Mo ní mo lè gbìn. Kí òjò tó dé, mo ti kúrò nídìí ike, mo wà nídìí ebè. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ilá àti ata ni mo ń gbìn. Naa Dede ń mú tiwọn sè, èmi ń gbé ìyókù lọ sọ́jà. Báyìí ni mo ṣe di aláta ní tòótọ́. Nígbà tí Alhaja gbọ́, wọ́n ní orúkọ ti wá rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni Naa Dede ń sọ ìtàn ilé náà fún mi, bí a bá jọ ń já ẹ̀fọ́.

Nígbà tí bàbá ńlá wọn jọba, igbó ni Kokomlemle. Etí òkun ni ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé, iyọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gbó. Ni ọba bá ní kí wọ́n la ọgbà síbí, nítorí odò kékeré tó ń ṣàn nísàlẹ̀. Ọba yìí fẹ́ràn ilá. Ilá tó bá ti sùn mọ́jú, kò ní fi kan ẹnu. Nítorí náà, dípò kí ilá máa rìn wá bá ọba, ọba ló ń lọ bá ilá. Wọ́n á gbé e wá láti etí òkun, wọ́n á dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, yóò sì jẹun lábẹ́ igi. Òjò wá ká a mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan, omi kún inú àwo ọbẹ̀ rẹ̀. Ó búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn Tabọn.

Àwọn Tabọn yìí ni àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà dé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó ni àwa ń pè ní Àgùdà. Naa Dede ní ohun tó sọ wọ́n ní Tabọn níhìn-ín ni pé, bí èèyàn bá kí wọn, "tá bọm" ni wọ́n fi ń dáhùn, ìyẹn "dáadáa ni" ní èdè tí wọ́n gbé bọ̀. Ọba Gá fún wọn nílẹ̀. Wọ́n mọ kànga gbẹ́, wọ́n mọ aṣọ rán, wọ́n sì mọ ilé kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ ilé ìjókòó náà fún ọba, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ilé ìgbafẹ́ àwọn olówó ní Brazil.

"Kí ni orúkọ ẹni náà?" ni mo bi Naa Dede.

"Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Orúkọ ọba nìkan ni wọ́n ń sọ fún ọmọ."

Ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò bìkítà fún ilá. Ibẹ̀ ló ti ń parí ìjà àwọn olorì rẹ̀, torí ó jìnnà sí etí ará ilé. Nígbà ìjọba òyìnbó, akọ̀wé kan ń tọ́jú irúgbìn síbẹ̀. Ní ọdún tí ebi mú gbogbo Gáná, tí àwọn èèyàn ń wá isu igbó kiri, ọgbà yìí ló bọ́ agbo ilé ọba.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí Naa Dede kì í jókòó sọ. Orí ìnàró ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé jáde ní Gáná ni. Àwọn Yorùbá ń ta ọjà wọn láìbéèrè iye, ọkọ̀ kò tó, ẹkún gba ìgboro. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kó ìkòkò, ọlọ àti ẹní wọn wá sínú ilé ìjókòó ọba, wọ́n ní kí ìyá Naa Dede bá àwọn tọ́jú rẹ̀, àwọn ń bọ̀.

"Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀ mọ́," ni Naa Dede wí. "Bí ọba fúnra rẹ̀ bá dé, wọ́n á ní ẹrù ọ̀rẹ́ àwọn ló wà níbẹ̀."

"Wọn ò padà wá?"

"A gbọ́ pé wọ́n délé. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí ìyá mi kú la tó kó ẹrù náà kúrò." Wọ́n gbọn ilẹ̀ kúrò lára ìdì ewúro kan. "Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo ronú lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí wọ́n tà sókè òkun padà dé, wọ́n gbà á, ó kọ́lé fún ọba. Ẹni tó ń tajà nílùú láti ìgbà èwe, tó pọn ọmọ wọn, wọ́n ní kó máa lọ. Ìgbà wo gan-an ni àlejò ń di ará ilé? Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ yẹn, àyà mi máa ń rọlẹ̀, ilẹ̀ náà kò sì bi mí níbi tí mo ti wá.

Lẹ́yìn ọyẹ́, mo mú kàn-ìn-kàn-ìn, mo ní kí n bá Naa Dede nu èéfín ara ẹnu ọ̀nà kan. Bí dúdú náà ṣe ń ṣí, ìkarahun òkun ńlá kan yọ jáde lórí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ohun ìrẹ́lé mọ ọ́n, ó là bí abẹ̀bẹ̀. Èso àti ewé rọ̀ sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìkarahun yìí. Ní Pópó Àgùdà, lẹ́yìn ilé wa, ó wà lórí fèrèsé àwọn ilé àtijọ́. Bàbá mi ló ń tún wọn ṣe. Iṣẹ́ ìrẹ́lé ni iṣẹ́ wọn, ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, bàbá bàbá mi sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ Àgùdà kan.

N kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi gbé ẹ̀rọ. N kò tilẹ̀ kí wọn dáadáa. Mo ní, "Ẹ sọ fún bàbá mi pé mo rí iṣẹ́ Àgùdà ní Àkrà."

Mo gbọ́ ikọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

"Níbo?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, "Àwọn òpó ń kọ́?"

"Wọ́n lọ́ bí okùn, Bàbá."

"Apá ibo ni wọ́n lọ́ sí? Ọ̀tún ni àbí òsì?"

N kò mọ̀. N kò wò ó.

"Lọ wò ó," ni bàbá mi wí. "Kí o tún pè mí."

Wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọn kò béèrè àlàáfíà mi, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún pe àwọn. Mo rìn padà lọ sí Kokomlemle nínú oòrùn gangan láti lọ wo òpó, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé.

Láti ìgbà náà, òpó, ìkarahun àti òrùlé ni à ń sọ. Bàbá mi á béèrè, màá lọ wò, màá sọ fún Naa Dede ohun tí wọ́n wí, màá pè padà. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá ọ̀rọ̀ mìíràn sí i bí ẹni tó ṣèèṣì: "Ò ń jẹun?" Tàbí, "Òjò ibẹ̀ yẹn, ṣé kì í pa ọ́?"

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ègé ńlá kan já láti ara òrùlé, ó sì balẹ̀ sórí àpótí tí Naa Dede ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀ láti lọ mu omi. Àpótí náà fọ́ yángá. Àbúrò wọn, Ataa Tete, dé lọ́jọ́ kejì. Ataa Tete ni olórí ẹbí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ta ọgbà náà, kí ẹni tó bá rà á kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀.

Ẹbí jókòó sínú ọgbà. Èmi ń gbé omi fún wọn. Àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí náà mo gbé ojú mi sílẹ̀. Bí wọ́n bá tà á, ebè mi lọ nìyẹn, oúnjẹ mi lọ, ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń sinmi ní Àkrà lọ pẹ̀lú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yìí máa pa yín," ni Ataa Tete wí ní Gá tí mo ti ń gbọ́ nígbà náà. "Ta ló máa tún un ṣe? Àwọn tó mọ irú iṣẹ́ yìí ti kú tán."

Naa Dede nà mí níka. "Bàbá Aláta yìí mọ̀ ọ́n. Ó ń bọ̀."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ní, "Ìyá, mi ò sọ fún yín pé bàbá mi ń bọ̀."

"Mo mọ̀," ni Naa Dede wí. "Lọ pè é."

Ataa Tete ti ní àwọn fún wa láyè di Homowo, ọdún tí àwọn Gá máa ń fi ebi ṣe ẹlẹ́yà. Bí ilé náà bá ṣì ń já lulẹ̀ nígbà náà, àwọn máa wó o.

Mo pe bàbá mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá tún ilé náà ṣe. Wọ́n ní, "Orúnkún ń dùn mí." Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní, "Ojú mi náà kò dá ṣáṣá mọ́." Mo ní mo gbọ́. Wọ́n wá béèrè ibi tí àwọn ti máa wọkọ̀.

Bí bàbá mi ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Circle, mo kúnlẹ̀ láàárín èrò. Wọ́n ti kéré sí i, agbádá wọn ń wọ́lẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi. "O ti rù," ni wọ́n wí. Àpò irin iṣẹ́ wọn ni wọ́n dì mú, wọn kò jẹ́ kí n gbà á.

Nígbà tí a dé ọgbà, bàbá mi yí ilé náà ká láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé òpó kan, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo bóyá ara ọmọ gbóná. Ataa Tete wà níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn gbọ́ lẹ́nu bàbá àwọn ni pé ọ̀gá ọkọ̀ òkun òyìnbó kan ló fi ilé náà ta ọba lọ́rẹ, pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan tilẹ̀ wá wò ó rí, ó pe irú iṣẹ́ náà ní Bàrọ́kì, orúkọ iṣẹ́ ọnà òyìnbó àtijọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi.

"Iṣẹ́ Àgùdà là ń pè é ní tiwa," ni bàbá mi wí. "Ó lè jẹ́ òyìnbó ló sanwó. Ẹ wo ewé yìí, bó ṣe ká létí. Bí ọwọ́ tó ṣe é kì í bá ṣe ọwọ́ tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́, àwọn méjèèjì jọ jẹun nínú àwo kan." Wọ́n mi orí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè búra. Mi ò sí níbẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fi símẹ́ńtì àti iyanrìn tí ọkọ̀ já fún wa rẹ́ òrùlé, wọ́n tún mọ ìkarahun tó fọ́. Ó lẹ́wà. Gbogbo agbo ilé wá wò ó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti bọ́ sílẹ̀ ní ègé-ègé, ó sì ya lára àtijọ́ dání. Ataa Tete dé, wọ́n wò ó, wọ́n sì yí padà lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú wa.

Bàbá mi jókòó sínú ilé ìjókòó ọba, fìlà wọn wà lórí itan wọn. N kò rí wọn láìdé fìlà níta rí. Mo jókòó tì wọ́n.

"Mo kánjú," ni wọ́n wí. "Ògiri àtijọ́ kì í gba símẹ́ńtì. Ọmọ iṣẹ́ lásán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iyanrìn yẹn, etí òkun ni wọ́n ti kó o, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, n kò tọ́ ọ wò. Mo fẹ́ kí wọ́n tètè rí i pé bàbá rẹ kì í ṣe èèyàn lásán."

Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé ilá. Mo béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í fi gbé ẹ̀rọ?"

Wọ́n gbé fìlà náà sọ́wọ́. "Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá ní kí o padà wálé. N kò sì mọ ohun tí o fẹ́ padà wá bá. Ọkọ rẹ ti kú. Èmi náà ń darúgbó. Kí ni mo fẹ́ fún ọ? Yàrá kan lẹ́yìnkùlé?" Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú fìlà. "Ó rọrùn fún mi kí n máa bínú."

N kò sunkún. Mo gbé orí mi lé èjìká wọn, ohun tí n kò ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, wọ́n sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Alhaja ló rí ọ̀nà àbáyọ. Oníbàárà wọn kan ń ra ẹja lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń gbé níbi tí odò ńlá ti pàdé òkun, níbi tí wọ́n ti ń jó ìkarahun di ìyẹ̀fun funfun. Ìyẹ̀fun yìí ni àwọn Àgùdà fi ń rẹ́ ilé kí símẹ́ńtì tó dé. Alhaja bá wa rí àpò díẹ̀. A gbẹ́ iyanrìn pupa nínú ọgbà, a fi omi òjò fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi tọ́ ọ wò.

Nígbà tí ó di ìgbà pípò, wọ́n na irin ìrẹ́lé sí mi. Ní kékeré, bí mo bá fọwọ́ kan irin yẹn, wọ́n á lé mi lọ sí ilé ìdáná, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

"Dì í mú báyìí," ni bàbá mi wí. "Má fún un lọ́rùn."

A kò kánjú. Bí èyí tí a rẹ́ bá gbẹ díẹ̀, a ó fi aṣọ tútù bò ó, a ó dúró. Bàbá mi mọ ìkarahun mẹ́ta. Nígbà tí ó ku ẹnu ọ̀nà kan, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n ní ìyá mi nìkan ló wà nílé, àwọn fẹ́ máa lọ. "Èyí tó kù," ni wọ́n wí, "o ti rí bí mo ṣe ń ṣe é." Mo sin wọ́n dé ọkọ̀. Wọ́n fi àpò irin iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi.

Mo mọ ìkarahun kẹrin, mo wó o, mo tún un mọ. Òjò ńlá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí nǹkan tó já.

Lọ́jọ́ Homowo, ẹbí kún inú ọgbà. Ataa Tete yí ilé náà ká, wọ́n fi ọ̀pá kan òpó, wọ́n wo òkè. Wọ́n wá wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ọdún wá fún àwọn níbẹ̀, àgbàdo lílọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn. Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹbí máa ta èyí tó kọjú sí títì, nítorí àwọn ọmọ ilé gbọ́dọ̀ jẹun. Ilé ìjókòó náà àti ebè tó yí i ká kò ní í jẹ́ títà nígbà ayé àwọn. Ohun tó lé ní ìdajì ebè mi ló lọ. Ó dùn mí, mo sì dúpẹ́.

Nígbà tí èrò tú, Naa Dede dúró lábẹ́ ẹnu ọ̀nà tí mo ṣe, wọ́n gbójú sókè. Ìkarahun mi kò tẹ́jú bí àwọn yòókù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sanra ju ìkejì lọ.

"Ó wọ́," ni Naa Dede wí.

"Mo mọ̀, Ìyá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, màá tún un ṣe."

"Má fọwọ́ kàn án." Wọn kò tíì gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń wo ilé yìí, mi ò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tó kọ́ ọ. Èyí, mo mọ ẹni tó ṣe é."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, a sì jọ rọra gba àárín ebè sọ̀ kalẹ̀, nítorí ilẹ̀ ṣì ń yọ̀.